Ọkọ̀ Ọdẹ Pẹ́pẹ́yẹ Tí Mo Da Omi Inú Rẹ̀ Nù

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: èmi ni mo ba ọkọ̀ náà jẹ́. Kì í ṣe òjò, kì í ṣe ogbó, kì í sì í ṣe ọmọ bàbá tó ni ín, tí wọ́n kọ́kọ́ di ẹ̀bi rẹ̀ lé lórí. Èmi nọ́ọ̀sì, tí mo ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọwọ́ mi méjèèjì yìí ló ṣe é. Ọdún kẹta rèé, yàtọ̀ sí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni délẹ̀délẹ̀ àfi ọkọ mi. Òun náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó rí ojú mi ló tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́.

Largo ni mò ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo fi ń ṣe ṣíìfù ní ọsibítù, wákàtí méjìlá lórí ìdúró. Ọjọ́ méjì mìíràn, mo máa ń wakọ̀ lọ wo àwọn aláìsàn nílé wọn ní ìsàlẹ̀ káúńtì wa, bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa nílé. Màá wo àwọn tó wà nílùú Clinton tán ná, kí n tó wá kọrí sí apá odò Patuxent, níbi tí ilé ti ń jìnnà síra wọn tí igi sì ń pọ̀ sí i. Bàbá tó ni ọkọ̀ náà ni mo máa ń fi parí. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ni, èèyàn dúdú ọmọ ilẹ̀ yìí, ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló kù nínú ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́. Ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀. Kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ kiri bó ṣe yẹ mọ́, nítorí náà omi a máa gbárajọ sí i lẹ́sẹ̀ àti nínú ẹ̀dọ̀fóró. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n, kí n tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, kí n sì rí i pé ó lo oògùn tó ń lé omi jáde. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti ń pè é ní Bàbá. Mo sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Òun ń pè mí ní Nọ́ọ̀sì, bí ẹni pé èmi nìkan ni nọ́ọ̀sì tó wà láyé.

Abẹ́ àtíbàbà kan lẹ́yìn ilé ni ọkọ̀ náà wà. Bí ẹ bá kọ́kọ́ rí i, ẹ ó ní kí ni wọ́n ń fi èyí ṣe. Ó gùn tó èèyàn méjì àbọ̀ tó na gbalaja, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó rí ṣóńṣó níwájú, ó rí ṣóńṣó lẹ́yìn, etí rẹ̀ sì kúrú débi pé bí èèyàn bá jókòó sínú rẹ̀, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a ní ìgbáròkó. Àwọ̀ koríko gbígbẹ ni wọ́n kùn ún. Kò ní ẹ́ńjìnnì, kò sì ní àjẹ̀. Ọ̀pá gígùn kan ni wọ́n fi ń tì í, ìdí ọ̀pá náà là sí mẹ́ta bí ẹsẹ̀ adìyẹ kó má baà rì sínú ẹrẹ̀. Èèyàn méjì lè gbé ọkọ̀ náà láì mí gúlegúle. Ọkọ̀ ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ ni.

Bàbá bàbá rẹ̀ ló kàn án fún òyìnbó onílẹ̀ tó ń bá ṣiṣẹ́, pákó kan tẹ̀ lé òmíràn, nígbà òtútù kan ṣoṣo. Nígbà náà, àwọn òyìnbó ọlọ́lá máa ń ti Baltimore àti Washington wá yìnbọn pa pẹ́pẹ́yẹ nínú àbàtà odò Patuxent, níbi tí ìrẹsì tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ti ń hù fúnra rẹ̀ títí tó fi ga ju orí èèyàn lọ. Òyìnbó á jókòó síwájú ọkọ̀ pẹ̀lú ìbọn. Èèyàn dúdú á dúró lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá. Ẹni tó dúró lẹ́yìn ló mọ ojú ọ̀nà nínú koríko, òun ló ń rí ẹyẹ kí ẹlòmíì tó rí i, òun ló sì mọ ìgbà tí omi fẹ́ fà kí ọkọ̀ má baà há. Ẹni tó jókòó síwájú ni wọ́n ń kí kú iṣẹ́. Bàbá ní fọ́tò kan wà nílé àwọn onílẹ̀ náà nígbà náà, òyìnbó jókòó, ìbọn wà lórí itan rẹ̀, ẹyẹ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pá nìkan ló hàn lẹ́yìn, àti ìka ọwọ́ mẹ́rin. Wọ́n ti gé ẹni tó ni ọwọ́ náà kúrò.

Ìgbà tí òyìnbó yẹn kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ju ọkọ̀ náà sínú abà. Bàbá àgbà náà lọ béèrè rẹ̀. Wọ́n ní kó máa gbé e lọ, kó fi dáná. Òun àti àbúrò rẹ̀ rù ú délé. Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan kan ti di àṣà nínú ẹbí wọn. Ẹni tó bá fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ dúró lẹ́yìn, bó bá dàgbà tí apá rẹ̀ kò ká ọ̀pá mọ́, ọmọ rẹ̀ á gbé e jókòó síwájú, á tì í wọ inú ìrẹsì ní àsìkò tí pẹ́pẹ́yẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Wọn kì í gbé ìbọn dání. Ọmọdé kì í jókòó síbẹ̀, ẹni tó ṣì lágbára kì í jókòó síbẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ jókòó, ọmọ rẹ̀ tì í. Bàbá rẹ̀ jókòó, òun fúnra rẹ̀ tì í. Ó wá kan òun.

Gbogbo èyí, èmi kọ́ ni mo béèrè o. Mi ò ní sùúrù fún ìtàn gígùn, ẹ bi àwọn ọmọ mi. Màá ní, “Bàbá, ẹ dákẹ́ ná, mò ń ka ìlù ọkàn yín.” Á dákẹ́. Bí mo bá ti yọ ohun èlò létí báyìí, á bẹ̀rẹ̀ padà láti ibi tó ti dúró gan-an. Mo ní ká lọ sórí oúnjẹ, ṣé ó ń dín iyọ̀ kù? Á ní bẹ́ẹ̀ ni, á sì padà sórí pákó. Nígbà tó yá, mo mọ ìtàn náà débi pé mo lè bá a parí rẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin ni. Lake Arbor ló ń gbé, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Largo tí kò jìnnà sílé mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Kò fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn rárá. Ó sọ fún mi ní ilé ìdáná bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ kan pé, “Kí ni mo fẹ́ fi ọkọ̀ tí wọ́n fi sin òyìnbó ṣe?” Mo ń to oògùn lọ, kí ló kàn mí? Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà sọ pé ó ṣeé ṣe kí bàbá má rí Kérésìmesì, obìnrin yẹn wá gbé ọ̀pá. Gbogbo Sátidé ìgbà ooru ọdún yẹn ni bàbá rẹ̀ fi jókòó sórí àga ní etí odò, tó ń pariwo mọ́ ọn bó ṣe ń fi ọkọ̀ ẹlòmíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń tì í. Ó ṣubú sínú ẹrẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Kò jáwọ́. Ìparí oṣù kẹsàn-án ni wọ́n dá, ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí omi á kún dáadáa.

Wàyí o, ọkọ̀ onígi tó ti pẹ́ lórí ilẹ̀, pákó rẹ̀ á ti sún kì. Ẹ lè kì ọ̀bẹ bọ àárín pákó méjì. Ẹ̀yin káfíńtà lè mọ̀ ọ́n, èmi ò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ní ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó gbé e sódò, wọ́n á pọn omi kún inú rẹ̀ bámúbámú. Pákó á mu omi, á wú, ara wọn á fún mọ́ra, ọkọ̀ á sì dì. Bàbá sọ gbogbo ìtàn ọkọ̀ náà fún mi láti òkè délẹ̀, kò sọ èyí. Ó ti mọ́ ọn lára jù láti sọ.

Ọmọ rẹ̀ pọn omi kún un ní Sátidé tó ṣáájú. Èmi dé ní Wẹ́sìdeè.

Mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ da ìdọ̀tí nù, mo bá yọjú sí àtíbàbà. Omi! Ọkọ̀ kún fún omi dẹ́ńdẹ́, ewé ti já sínú rẹ̀, tanwíjí sì ń jó nínú rẹ̀ bí nǹkan míì. Inú bí mi. Mo ní ta ló fẹ́ pa bàbá yìí? Mo ní òjò ló kún un, wọn ò sì bìkítà.

Mo ní láti sọ èyí kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Bàbá tó bí mi, wolé-wolé ni ní Ìbàdàn. Ṣòkòtò péńpé kakí, fìlà, ọ̀pá kan lọ́wọ́. Bó bá ti wọ agboolé báyìí, àwọn ìyá á ti máa sáré da omi ìkòkò nù kó tó dé ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta, àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, kú lọ́wọ́ ibà. Ọjọ́ kejì tí wọ́n sin ín, bàbá mi lọ sẹ́yìn ilé tiwa. Ó rí àfọ́kù ìkòkò kan lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ, òjò ti kún un, tanwíjí wà nínú rẹ̀. Òun tó ń wo ilé onílé. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, ó sunkún, èmi ni mo sì rí i. Látìgbà náà, mi ò lè rí omi tó dúró sójú kan kí n kọjá. Mo mọ̀ pé ẹ̀fọn Maryland kì í gbé ibà kiri. Orí mi mọ̀ ọ́n, ọwọ́ mi ò mọ̀ ọ́n.

Mo fi garawa gbọ́n ọ̀pọ̀ omi náà kúrò, mo wá dojú ọkọ̀ náà dé. Èmi nìkan, omi náà ya lù mí lẹ́sẹ̀, ó wọ inú bàtà mi. Mo fà á jáde kúrò lábẹ́ àtíbàbà sínú oòrùn kó lè gbẹ dáadáa. Oòrùn ọ̀sẹ̀ yẹn mú ganrínganrín. Mo nu ọwọ́ mi, inú mi dùn, mo tiẹ̀ ń kọrin nínú mọ́tò nígbà tí mò ń lọ sílé. Bàbá ń sùn ní yàrá iwájú, mi ò jí i. Ṣé ohun tó yẹ kí n máa béèrè ni, pé kí n da omi ìdọ̀tí nù?

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ní kí n bá wọn lọ nítorí mímí rẹ̀. Mo gbé àgbá ọ́síjìn kékeré rẹ̀ dání. Bàbá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó lọ̀ gbagidi, ó fá irùngbọ̀n. Èmi àti ọmọ rẹ̀ gbé ọkọ̀ sórí mọ́tò akẹ́rù, a sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ ní etí odò. Ìrẹsì ti pọ́n. Ẹyẹ ń dún nínú rẹ̀, mi ò rí ọ̀kan. A di Bàbá mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì, a gbé e jókòó síwájú. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé etí ọkọ̀. Ó mí kanlẹ̀.

Omi sì yọ. Ó kọ́kọ́ rí bí òógùn lára pákó, lẹ́yìn náà ó di tínínrín tínínrín, kí a tó ṣẹ́jú pẹ́ ó ti dé ọrùn bàtà rẹ̀. Okùn ṣì so ọkọ̀ mọ́ òpó èbúté. A fà á jáde. Ó wúwo, àwa méjèèjì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tó jókòó sórí àga tán, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

Ó ní, “Mo ní kí o pọn omi kún un.”

Ọmọ rẹ̀ ní, “Mo kún un. Mo bá a ní dídojúdé láàárọ̀ yìí. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n dà á.”

“Mi ò rán ẹnikẹ́ni. Garawa kan lo dà sí i, o sì lọ. Láti kékeré, kò sí ohun tí o bẹ̀rẹ̀ tí o parí.”

Obìnrin àgbà, tó ń darí èèyàn níbi iṣẹ́, tó fi gbogbo ìgbà ooru ṣubú sínú ẹrẹ̀ nítorí bàbá rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Mo kún un, Dádì,” ó sì lọ tú okùn. Èmi dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àgbá ọ́síjìn mọ́ àyà. Láti ìgbà tó ti sọ̀rọ̀ omi ni mo ti mọ̀ pé èmi ni, mi ò sì jẹ́wọ́.

Ọjọ́ méjì ni mo fi gbé e mì. Mo ń bá ara mi jà. Mo ní wọ́n lè gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi pé mo fọwọ́ kan ẹrù aláìsàn. Mo ní wọn ò kúkú sọ fún mi. Mo ní ṣé èmi ni mo kan ọkọ̀ fún wọn ni? Mo jágbe mọ́ ọkọ mi nítorí ṣíbí. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò lè gbé orí sókè. Ohun tó ń pa mí kì í ṣe ìwé àṣẹ rárá. Ojú obìnrin yẹn bó ṣe wo ilẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo wọlé bá Bàbá lórí àga rẹ̀, mi ò tíì gbé báàgì sílẹ̀, mo kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì. Mi ò rò ó, ibẹ̀ ni ara gbé mi lọ. Bàbá rò pé mo dákú. Bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn, tí aláìsàn ń tẹ̀ bó bá ṣubú. Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn obìnrin kan jáde láti inú àpótí ara ògiri: “Ṣé kò sí wàhálà? Ṣé ẹ ṣubú ni?”

Bàbá ní, “Èmi kọ́. Nọ́ọ̀sì mi ni.”

Mo ń pariwo látilẹ̀ pé mi ò ṣubú, mi ò ṣubú. Ó pẹ́ díẹ̀ kí obìnrin inú àpótí tó gbà wá gbọ́. Nígbà tí ilé dákẹ́, mi ò dìde. Mo sọ ọ́: Wẹ́sìdeè, omi, tanwíjí, oòrùn. Mo sọ ti bàbá mi, mo sọ ti àbúrò mi. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ọmọ yín kò purọ́.”

Kò sọ pé òun dárí jì mí. Mo fẹ́ kó sọ ọ́, kò sọ ọ́ rí. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó na ọwọ́ sí fóònù, ó pe ọmọ rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ó ní, “Mo sọ̀rọ̀ kan sí ọ lọ́jọ́ Sátidé. Mo gbà á padà. O kún un.” Ó fetí sílẹ̀ díẹ̀. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì á sọ fún ọ.” Ó gbé fóònù lé mi lọ́wọ́.

Obìnrin náà kò bú mi. Ì bá sàn kó tiẹ̀ bú mi. Ó ní, “Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ ń wò mí.” Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ lọ kún un.”

Mo lọ kún un. Ọkọ̀ tó ti sún kì, ẹ ò lè kún un lẹ́ẹ̀kan. Bí mo ṣe ń dà á sókè ló ń jò nísàlẹ̀, ẹ̀yìnkùlé di ẹrẹ̀. Mo ń wá láràárọ̀ kí n tó lọ sí ọsibítù, mo sì ń wá lẹ́yìn iṣẹ́ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára. Ọmọ rẹ̀ ń wá lọ́sàn-án. A kì í sábà bá ara wa pàdé, ṣùgbọ́n mo máa ń rí ibi tó bá a dé. Wọ́n ti gbé ibùsùn Bàbá sí yàrá ẹ̀yìn nígbà náà kó lè máa rí àtíbàbà. Á kan fèrèsé, á fi ọwọ́ béèrè: ó kù bí mélòó? Màá fi ọwọ́ hàn án ibi tí omi dúró dé. Lọ́jọ́ kẹta, mo gbé àwọ̀n ẹ̀fọn tí mo mú ti Nàìjíríà bọ̀ jáde, mo nà án bo ọkọ̀ náà látòkè délẹ̀, mo fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó dà bíi pé ọmọ tuntun ló sùn sínú rẹ̀. Mo gbọ́ tí Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́. Àwọ̀n yẹn wà nínú àpótí mi látọjọ́ yìí. Ká ní mo béèrè ọ̀rọ̀ kan péré lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè yẹn ni, àwọ̀n ni ǹ bá lò.

Omi ń dúró sí i nínú ọkọ̀. Omi ń dúró sí i lára Bàbá náà. Mo ń wọ̀n ọ́n láràárọ̀, nọ́ńbà ń lọ sókè, mo pe dókítà, wọ́n fi oògùn kún oògùn. Ní Tọ́sìdeè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wọ bàtà mọ́. Ní Fúráìdeè, kò lè dùbúlẹ̀ gbalaja, ó ń mí bí ẹni tó sáré gun òkè. Ọkọ̀ dì láàárọ̀ Sátidé. Mo wo abẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ. Mo wọlé lọ wò ó, mo sì mọ̀ pé kò ní kúrò lórí ibùsùn yẹn mọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún mi.

Òun náà mọ̀. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, “Lọ tì í. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá o lè ṣe é.” Ó ní kí a pe òun lórí fóònù, kí òun máa gbọ́. Lẹ́yìn náà ó ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó síwájú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ á gbé imú sókè, kò ní gbọ́ràn sí ọ̀pá lẹ́nu.

Ó wò mí.

Mo ní, “Bàbá, rárá. Mi ò lè jókòó síbẹ̀. Ibi tiyín nìyẹn.”

Ó ní, “Ìwọ lo da omi rẹ̀ nù. Ìwọ lo pọn ọ́n padà. Lọ jókòó.”

Ẹkún gbọ̀n mí, mo ní kó jọ̀ọ́. Ó di ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kan jókòó tì í, ó bá a di fóònù mú. Àwa méjèèjì lọ sódò. Mo jókòó síwájú, mo gbé fóònù tèmi sókè, ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú ọ̀pá. Ó tì í, ọkọ̀ náà sì ṣí kúrò ní èbúté láì dún rárá. A wọ inú ìrẹsì. Ó ga ju orí mi lọ lọ́tùn-ún lósì, ọkà rẹ̀ ń já bọ́ sí mi lórí, sí mi nítan. Ohùn Bàbá ń jáde díẹ̀díẹ̀ nínú fóònù: yà sósì níbi tí koríko ti ṣí, má ti ẹrẹ̀, ti ilẹ̀, dúró. A dúró. Ó ní, “Ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́.”

Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Lójijì, pẹ́pẹ́yẹ gbéra níwájú mi gan-an, bí ẹni fa aṣọ tuntun ya, ogún, ọgbọ̀n, mi ò lè kà á. Afẹ́fẹ́ ìyẹ́ wọn kàn mí lójú. Mo na fóònù síwájú bí ọwọ́ mi ṣe gùn tó. Mo gbọ́ èémí rẹ̀ nínú fóònù títí tí ìyẹ́ fi dákẹ́. Lẹ́yìn mi, ọmọ rẹ̀ ń sunkún, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò mì.

Nígbà tí a padà délé, kò béèrè ẹyẹ, kò béèrè ìrẹsì. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, “O tì í dáadáa.” Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ pè mí. Mo rò pé ìfúnpá ló fẹ́ kí n wò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun èlò mi. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó na ọwọ́ láti orí ibùsùn, ọwọ́ tó ti wú, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi níbi kókósẹ̀. Ó fọwọ́ kan ìkejì. Ó tún fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí bàtà mi, ó ń wá omi.

Ó ní, “Ó gbẹ.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Kò sí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀.”

Ó mi orí. Ọjọ́ kẹrin ló kú. Ọkọ̀ náà wà ní Lake Arbor báyìí, nínú gáréèjì ọmọ rẹ̀, ó sì máa ń pè mí ní oṣù kẹsàn-án kí n wá bá òun pọn omi. Mo máa ń lọ, mo máa ń mú àwọ̀n dání, mo sì máa ń bá a gbé e dé odò. Ṣùgbọ́n mi ò wọ inú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni èèyàn ń jókòó síwájú, mo sì ti jókòó.